Ẹni Ẹlẹ́ni Ní Í Rí Tẹni

Bí aláìsàn bá wọlé tọ̀ mí wá lónìí nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, kì í tíì jókòó tán tí yóò fi gbé àpò ńlá tí fíìmù wà nínú rẹ̀ lé orí tábìlì. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbé àpò rárá; inú fóònù ni wọ́n ti ń fi ìka fẹ àwòrán náà, tí wọ́n á wá nà án sí mi lójú. "Dókítà, ẹ wò ó, wọ́n ní eegun mi ti ń jẹ." Bí mo bá wá ní kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Bàbá kan tó ti kiri ilé ìwòsàn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi bi mí pé ṣé n kò rí ohun tó wà nínú àwòrán náà ni. Mo ní, "Mo rí i, sà. Ẹ̀yìn yín gan-an ni n kò tíì rí."

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rọ tí à ń fi wo inú ara ti pọ̀ sí i lójú mi, wọ́n sì ti dára kọjá ohun tí àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ eegun lè lá lálàá. N kò bá ẹ̀rọ jà. Mi ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ṣe ń pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ojú àti ọwọ́ ènìyàn ń kúrò lára ẹ̀yìn, nílé àti nílé ìwòsàn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Èèyàn ń rí àyà ara rẹ̀, ó ń rí ikùn, ó ń rí orúnkún. Ẹ̀yìn ni yóò gbé rìn títí dọjọ́ alẹ́ tí kò ní fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tí kò bá ní ẹni tó ń bá a wo ẹ̀yìn, òun nìkan ni yóò máa dá gbé ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kiri.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ ọmọ jòjòló mú un. Ẹni tó bá ti wo ìyá àgbà nígbà tó ń wẹ ọmọ yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á da ọmọ dojú bolẹ̀ sórí ojúgun, orí ọmọ sápá ọ̀hún, ìdí rẹ̀ sápá ìhín. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn. Lẹ́yìn náà ni òrí yóò dé, àtàǹpàkò méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì ọ̀pá ẹ̀yìn, títí dé ibi tí ìdí ti là. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá á wá na apá, á na ẹsẹ̀, á ju ọmọ sókè, á hán an.

Jíjù sókè yẹn ni àwa dókítà bá jà, a sì jàre. Ọrùn ọmọ tuntun kò tíì lè gbé orí rẹ̀. Ẹni tó bá fi orí tàbí apá kan ṣoṣo gbé e sókè lè ṣe é léṣe tí kò ní tán. N kò yí ohùn padà lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí a ń lé jíjù lọ, a lé àtàǹpàkò mọ́ ọn. Ìyá ọmọ lónìí ń bẹ̀rù àtiwẹ ọmọ, inú báàfù oníke ló ń tẹ́ ẹ sí, ojú sókè, ẹ̀yìn nísàlẹ̀ omi. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ọmọ náà.

Mo rántí ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀ ju káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ, wọ́n sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara ọmọ le. Ó da ọmọ délẹ̀ lórí itan rẹ̀ níwájú mi, ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ ìbàdí níbi tí irun díẹ̀ ti hù, irun múlọ́múlọ́ tí èèyàn lè rò pé ìdọ̀tí ni. Ó ní, "Ọwọ́ mi máa ń rì níbí. Ti àwọn yòókù tí mo wẹ̀ kì í rì." Ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta dáadáa. Yàtọ̀ sí irun yẹn, ojú lásán kò rí nǹkan kan. A ṣe MRI, a sì bá okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ti so mọ́ ibi tí kò yẹ kó so mọ́. Ẹ̀rọ ló fi í hàn, àmọ́ àtàǹpàkò ìyá àgbà ló ti rán ọmọ sí ẹ̀rọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ohun tí yóò di ọpọlọ àti okùn iṣan inú ẹ̀yìn máa ń kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, kó tó ká ara rẹ̀ pọ̀, kó sì dé pa. Ó ti ń dé pa tán nígbà tí oyún bá pé nǹkan bí ọjọ́ 28, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun ti lóyún. Ibi tí kò bá dé, eegun tó yẹ kó bo ibẹ̀ kò ní pàdé. Nígbà mìíràn ó máa ń hàn gbangba, ọmọ á gbé kókó wá sáyé ní ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn ó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ awọ, kò ní sí àmì ju irun tàbí kòtò kékeré. Nínú oyún oṣù mẹ́ta, okùn náà kún ọ̀pá ẹ̀yìn láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n eegun ń yára dàgbà ju okùn lọ, nítorí náà ìdí okùn máa ń gòkè. Lọ́jọ́ ìbí, ó wà ní nǹkan bí eegun ìbàdí kẹta. Lára àgbàlagbà, kì í sábà kọjá ìkínní tàbí ìkejì. Bí nǹkan bá dè é mọ́lẹ̀, bí ọmọ ṣe ń ga ni okùn ń fà. Ẹsẹ̀ kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ọmọ ọdún méje tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé á tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa nà án.

Ní 1991 ni àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde pé bí obìnrin tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí bá ń lo folic acid kó tó lóyún, ewu pé yóò tún bí òmíràn ń fi ìdá 72 nínú 100 dín kù. Ìṣirò yẹn ni mo máa ń rántí bí mo bá gbọ́ tí ìdílé ọkọ ń bi ìyàwó pé ta ló ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í fi àwọn bàbá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ọbàtálá ló ń mọ ènìyàn, ẹmu ló sì mu lọ́jọ́ tó mọ abuké, arọ àti àfín. Bí wọ́n bá rí aláboyún, àdúrà wọn ni pé kí òrìṣà ya ọnà rere kò ó. Ìtàn yẹn kò ṣàlàyé àrùn fún wa, síbẹ̀ iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe: abuké di ẹni òrìṣà, ẹni tó bá sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ti wá ìjà òrìṣà. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Nísinsìnyí tí a ti mọ orúkọ àrùn, mo ń rí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń ya fọ́tò ẹlẹgbẹ́ wọn láti ẹ̀yìn sórí WhatsApp. Èyí tí a jèrè níbẹ̀ kò yé mi.

Òtítọ́ mìíràn sì ni pé púpọ̀ nínú àwọn abuké tí a mọ̀ ládùúgbò nígbà èwe wa kò gbé iké wá láti ọ̀run. Ẹ̀yìn wọn gún nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ikọ́ ife ló jẹ eegun wọn. Àwọn ènìyàn gbà pé inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni ikọ́ ife ń gbé, wọn kò mọ̀ pé ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, àti pé nínú gbogbo eegun tó ń bá jà, nǹkan bí ìdajì ló ń jẹ́ ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Iwájú eegun ló máa ń jẹ, kì í sábà jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí iwájú bá wó, ara á tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn á yọ góńgó. Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa irú iké yìí àti ẹsẹ̀ rírọ tó ń bá a rìn ní 1779, kò sì mọ̀ pé ikọ́ ife ni. Ó di 1882 kí Robert Koch, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tó fi kòkòrò rẹ̀ hàn.

Kí iké tó yọ, ọmọ á ti máa sọ ọ́ fún wa láì lanu. Nígbà tí mo wà lábẹ́ àwọn ọ̀gá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á ju kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á ní, "Bá mi mú un." Ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ le á bẹ̀rẹ̀ gbọọrọ, á mú un, á ti sáré lọ. Èyí tí ikọ́ ife wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní tẹ̀. Á rọra lóṣòó, ẹ̀yìn rẹ̀ á gan, ọwọ́ kan á wà lórí itan. Bó bá fẹ́ dìde, á máa fi ọwọ́ gun itan ara rẹ̀ bọ̀ sókè. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò lè gbàgbé. Kọ́bọ̀ ti di ohun àtijọ́, kò sí ọmọ tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ìdérí bírò ni mo ń jù sílẹ̀. Àwọn dókítà kéékèèké máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó bọ́ lọ́wọ́ mi ni.

Bí a bá bi ìyá ọmọ, yóò ní ó ṣubú. Gbogbo wọn ló ń ṣubú. Kò sí ọmọ tí kì í ṣubú, nítorí náà kò sí ìyá tí kò ní rí ìṣubú kan rántí, láti orí àtẹ̀gùn, láti orí igi ìbẹ́pẹ, lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó ń pọ̀n ọ́n. Ìṣubú yìí ló máa ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fa ara. Ọwọ́ tó ń wo ẹ̀yìn àti ọwọ́ tó ń fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ọwọ́ kan náà. Mo ti rí ọmọ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ẹni tó ń fa ara, tí wọ́n gbé jáde.

Ìtọ́jú ikọ́ ife inú ẹ̀yìn ti yí padà débi pé tí mo bá ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á rò pé àlọ́ ni. Ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Igbobi ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, di ibi tí gbogbo Nàìjíríà ń gbé eegun wọn lọ. Láyé ìgbà kan, kárí ayé, inú símẹ́ńtì ni ọmọ á dùbúlẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ oṣù, oúnjẹ gidi àti oòrùn ni òògùn. Streptomycin dé, isoniazid dé ní 1952. Ní 1956, àwọn oníṣẹ́ abẹ Hodgson àti Stock ní Hong Kong kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń gba iwájú wọlé láti gé ibi tó ti jẹrà kúrò. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Masan ní Gúúsù Kòríà fi hàn pé ọmọ tó ń lo òògùn tó sì ń rìn kiri ṣe dáadáa bí ọmọ tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́fà. Lónìí, ọ̀fẹ́ ni òògùn ikọ́ ife láwọn ilé ìwòsàn ìjọba, a sì ń rí i tí ẹsẹ̀ tó ti rọ ń padà le. Síbẹ̀ ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò nítorí òògùn. Òògùn á pa kòkòrò, iké á wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí ẹnì kan kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ọmọ fi ṣe pàtàkì ju ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ti àwọn ọ̀dọ́langba tún yàtọ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè, ọmọ ti ń dá wẹ̀, ó ti ń tijú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ orí yẹn gan-an ni ara ń yára ga, òun náà sì ni ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó sì ń lọ́ bó ṣe ń wọ́. Kì í dùn wọ́n. Èyí tó ń le tó nílò ìtọ́jú sì wọ́pọ̀ lára ọmọbìnrin ju ọkùnrin lọ. Ọmọbìnrin kan tí mo tọ́jú, ẹni tó kọ́kọ́ rí i kì í ṣe ìyá rẹ̀, kì í ṣe olùkọ́ rẹ̀, kì í ṣe dókítà. Aránṣọ ni. Wọ́n ń rán aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó, obìnrin náà gé e dọ́gba, ọmọ wọ̀ ọ́, etí aṣọ ga lápá kan. Ó tú u, ó tún un rán, ó tún ga. Ló bá ní kí ọmọ bọ́ ọ, ó wo èjìká, ó fi téèpù wọn ọ̀tún wọn òsì, ó pe ìyá: "Ẹ wá o, aṣọ mi kọ́ ló wọ́."

Ìwọ̀n tí aránṣọ yẹn lò kò jìnnà sí tiwa. Ní ọ̀rúndún 19 ni William Adams, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ síwájú kí òun wo bóyá ìhà kan yọ ju èkejì lọ. À ń ṣe é títí dòní, kò náni ní kọ́bọ̀. Lórí fíìmù, ọ̀nà tí dókítà eegun kan, John Cobb, gbé kalẹ̀ ní 1948 là fi ń wọn bí ẹ̀yìn ṣe wọ́ tó. Tí kò bá tó ìwọ̀n 10, a kì í pè é ní wíwọ́. Tó bá kọjá 25 tí ọmọ ṣì ń dàgbà, a lè dì í ní ìgbàyà líle kó má baà pọ̀ sí i. Tó bá fi máa tó 45 tàbí 50, iṣẹ́ abẹ ló kù, irin àti síkúrù tó ń ti òkè òkun wá, owó tí ìdílé mìíràn á ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àwọn òbí á máa di ẹ̀bi ru àpò ìwé. Àpò ìwé lè mú kí ẹ̀yìn ro ọmọ, kì í ṣe òun ló ń fa wíwọ́ yìí. Ohun tó ń fà á lára ọ̀pọ̀ wọn kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yìn gan-an kò tilẹ̀ yẹ kó tọ́ bí ọ̀pá. Láti ẹ̀yìn la ti ń fẹ́ kó gún. Láti ẹ̀gbẹ́, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀. Ní ikùn ìyá, ọmọ ká jọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Nígbà tó bá ń gbé orí sókè, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ọrùn á tẹ̀ sí ọ̀nà kejì. Nígbà tó bá dìde tó ń rìn, ìbàdí á ṣe bákan náà. Eegun 33 la fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, 24 á máa dá dúró títí ayé. Títẹ̀ wọ̀nyẹn la fi ń gbé ara. Bí àwọn ènìyàn bá sọ fún mi pé fíìmù wọn ní ìbàdí àwọn "tẹ̀", mo máa ń dúpẹ́ fún wọn.

Àwọn àgbàlagbà ni ẹ̀rọ ṣì lọ́nà jù. Tẹ́lẹ̀, bí ìbàdí bá ń ro ọkùnrin, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń pè é: ó jẹ ohun dídùn jù, kó wá àgbo mu ní gáréèjì. Dókítà sì ń ní kó lọ dùbúlẹ̀ sórí pákó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àwa méjèèjì kò rí i rò. Ní 1986, ìwádìí Deyo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹni tó sinmi ọjọ́ méjì kò ṣe burú ju ẹni tó dùbúlẹ̀ ọjọ́ méje lọ, kódà ó yára padà síbi iṣẹ́. Lónìí, "Ẹ dìde, ẹ máa rìn" ni à ń wí. Fíìmù ló wá gba ipò pákó báyìí. Láàárín eegun kan sí èkejì, nǹkan rírọ̀ kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ òṣùká lábẹ́ ẹrù. Omi inú rẹ̀ ń fún jáde lójú mọmọ, ó ń padà lóru, ìdí nìyí tí gbogbo wa fi ga díẹ̀ sí i láàárọ̀ ju ti alẹ́ lọ. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, omi náà ń gbẹ, ó ń yọ díẹ̀ síta. Ní 1994, wọ́n fi MRI wo ẹ̀yìn àwọn 98 tí nǹkan kan kò dùn wọ́n. Ìdá 36 péré nínú 100 ni nǹkan rírọ̀ yìí wà déédéé ní gbogbo ibi. Àwọn yòókù ń rìn, wọ́n ń jó, wọn kò mọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti ka ìwé fíìmù wọn fún wọn ńkọ́? Mo mọ tíṣà àgbà kan tí kò dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́, tí kò lọ sóde ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ àwòrán. Nígbà tí mo yẹ ẹ́ wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ara rẹ̀ mọ ìfọwọ́kàn, ìtọ̀ rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ó pẹ́ kó tó gbà mí gbọ́. Ìwé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ lágbára ju ẹnu dókítà lọ lójú wa.

Mi ò sọ pé kí a má bìkítà. Ẹni tí kò bá lè tọ̀, tàbí tí ìtọ̀ ń bọ́ lára rẹ̀, tí ojú ara rẹ̀ kú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, kó má dúró de ọ̀la. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àgbẹ̀ kòkó kan gbé fíìmù X-ray wá tí wọ́n kọ ọjọ́ ogbó sí. Òru ni ẹ̀yìn ń dùn ún jù, ṣòkòtò rẹ̀ sì ti tóbi fún un. Mo ní kó kọ ẹ̀yìn sí mi, mo fi ìkúùkù rọra kan eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè. Ó dákẹ́ títí mo fi dé ibì kan tó ta gìrì. Mo bi í nípa ìtọ̀. Ó wo ọmọkùnrin rẹ̀, ó ní kó lọ ra omi wá, kó tó dá mi lóhùn pé ó ti tó ọdún kan tí òun ti ń dìde lóru. Jẹjẹrẹ ni, láti ibi tí nǹkan ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ló ti gba eegun ẹ̀yìn lọ. A kò lè lé irú rẹ̀ lọ pátápátá, àmọ́ ìtọ́jú wà tó ń dín in kù, ìrora rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ fún un kó jókòó sílé. Ó ní bí òun bá jókòó sílé, ta ni yóò máa ṣọ́ àwọn tó ń jí kòkó òun ká.